i7-2600 àbí i5-8500T: èwo ló ń ṣiṣẹ́ jù, èwo ló ń jẹ iná jù, níbi tí bátìrì ti ń gbé ṣọ́ọ̀bù?

Òǹtẹ̀wéKàbà

Okun o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan níbí ní Kàbà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ márùn-ún. Wọ́n á fi tẹ ìwé ní Word, wọ́n á fi CorelDRAW ṣe káàdì ìgbéyàwó àti pósítà ìsìnkú, wọ́n á máa kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa gé fídíò kéékèèké fún oníbàárà. Oríṣi méjì ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà: tower ńlá tó ní pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i7-2600, àti èyí kékeré tí kò ju ìwé nípọn kan lọ, tó ní i5-8500T. Owó tower kéré sí ti kékeré. Ẹni tó ń tà ní i7 ju i5 lọ, pé 3.4 GHz ni i7 náà, pé 2.1 GHz péré ni i5. Iná ìjọba kì í dúró, bátìrì 12V 200Ah kan àti inverter ni wọ́n gbára lé, jẹnẹrétọ̀ kékeré ló wà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí wọ́n mú? Kí ẹ sì bá mi la ìdí rẹ̀ yékéyéké, ọ̀gá á bi mí.

BàbáWáàtì_Ìsánlú

Okun, ọmọ mi. Ẹni tó ń tà kò purọ́ nọ́ńbà, àmọ́ nọ́ńbà tó mú sọ kọ́ ló yẹ kí o kọ́kọ́ wò. Lára àwọn méjì yìí, nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn dáàṣì ló ń sọ ìran tí pírósẹ́sọ̀ ti wá. 2600 jẹ́ ìran kejì, Sandy Bridge, ọdún 2011 ló jáde. 8500T jẹ́ ìran kẹjọ, Coffee Lake, ọdún 2018. i7 àti i5 kàn ń sọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ jáde ni. Ìwọ má fi i7 ìgbà kan wé i5 ìgbà mìíràn.

Ohun tó wà nínú wọn rèé. i7-2600 ní kọ́ọ̀ (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́) mẹ́rin, thread (iye iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan) mẹ́jọ, 3.4 GHz tó lè gùn dé 3.8, cache (ìrántí kékeré inú rẹ̀) 8 MB, RAM DDR3, nanomítà (bí ẹ̀yà inú rẹ̀ ṣe kéré tó) 32, TDP (ìwọ̀n iná àti ooru tí wọ́n ṣe é fún) 95 W. i5-8500T ní kọ́ọ̀ mẹ́fà, thread mẹ́fà, 2.1 GHz tó lè gùn dé 3.5, cache 9 MB, RAM DDR4, nanomítà 14, TDP 35 W.

Ní ti GHz, iye ìgbà tí aago inú rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn, kò sọ iye iṣẹ́ tó ń parí nínú ìlù kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ méjì lè máa gbé ọkọ́ sókè sódò níye kan náà, kí ebè ọ̀kan sì pọ̀ ju ti èkejì lọ. Coffee Lake ń kọ ebè púpọ̀ sí i nínú ìlù kan. Bẹ́ẹ̀ ni 2.1 yẹn kì í ṣe ibi tó máa ń wà lójoojúmọ́. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀ ni, nígbà tí kọ́ọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára lórí 35 W. Bí o bá ṣí Word tàbí CorelDRAW, kọ́ọ̀ kan tàbí méjì ló ń ṣe é, wọn á sì fò sókè sún mọ́ 3.5. Nínú iṣẹ́ kọ́ọ̀ kan, 8500T ló máa yá jù. Nínú iṣẹ́ tó gba gbogbo kọ́ọ̀, òun náà ni.

Ní ti iná, kí á wọn gbogbo àpótí, kì í ṣe pírósẹ́sọ̀ nìkan. Tower i7-2600 tó jókòó lásán sábà máa ń jẹ 35 sí 50 W. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ gan-an, á máa lọ sí 110 sí 130 W. Kékeré tó ní 8500T máa ń jẹ 8 sí 12 W bó bá jókòó, 45 sí 60 W bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ líle. Ìdí kan wà tí tower fi ń jẹun láìṣe nǹkan kan. Pọ́wà inú rẹ̀ (power supply tó ń pín iná fún un) lè jẹ́ ti 300 W, ó ń gbé 40 W, irú ẹrù kékeré bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí pọ́wà àtijọ́ ṣe dáadáa, apá kan iná náà ń di ooru lójú ọ̀nà. Fi fáànù méjì àti hard disk tó ń yí kún un.

ỌmọÌjùmú

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí a sọ tower náà di igi ìdáná. Thread mẹ́jọ ló ní, CorelDRAW àtijọ́ á sáré lórí rẹ̀ bó bá ní SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) àti RAM 8 GB. Bí pọ́wà rẹ̀ bá jó, pọ́wà tòkunbọ̀ wà níbi gbogbo, Kàbà dé Lọ́kọ́ja. Bí bọ́ọ̀dù kékeré bá jó ńkọ́? Ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Nínú tower, o lè fi hard disk mẹ́ta sí i, o lè fi káàdì sí i. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, tó sì ní iná tó dúró, ìyàtọ̀ owó tó wà láàrin méjèèjì lè ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Sólà_Mọ̀pà

Gbólóhùn yẹn náà ni kókó: "tó sì ní iná tó dúró". Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń bi wá yìí kò ní i. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò bátìrì wọn.

12V lọ́nà 200Ah jẹ́ 2,400 Wh. Bátìrì olómi tàbí tubular, kí a má fà á kọjá ìdajì kó lè pẹ́, ó ku 1,200 Wh. Inverter máa ń jẹ nǹkan bí ìdá 15 nínú 100, ó ku 1,020 Wh tó ń dé ibi kọ̀ǹpútà.

Ká ní mọ́nítọ̀ LED kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 W. Nínú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnìkan ń tẹ ìwé, tó ń dúró, tó ń tẹ̀, ká fi tower sí 60 W ní ìdọ́gba, ká fi kékeré sí 18 W. Tower pẹ̀lú mọ́nítọ̀ jẹ́ 80 W, márùn-ún jẹ́ 400 W. 1,020 pín sí 400, wákàtí méjì ààbọ̀ àti díẹ̀. Kékeré pẹ̀lú mọ́nítọ̀ jẹ́ 38 W, márùn-ún jẹ́ 190 W. Ìyẹn lé ní wákàtí márùn-ún.

Ìyẹn gan-an ṣì ń gbè fún tower, nítorí bátìrì kì í fún ni ní iye kan náà bí a bá ń fà á líle. 200Ah tí wọ́n kọ sára tubular, wọ́n sábà máa ń wọ̀n ọ́n lórí wákàtí mẹ́wàá, ìyẹn ámpì 20. Kékeré márùn-ún ń fa nǹkan bí ámpì 18.6 láti ara bátìrì, ó wà láàlà. Tower márùn-ún ń fa ámpì 39. Ní ámpì 39, bátìrì náà kò ní fún ẹ ní 200 mọ́, inverter á ti máa ké kí wákàtí méjì ààbọ̀ tó pé.

Bí iná AEDC (iléeṣẹ́ tó ń pín iná níbí) bá wà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, tower márùn-ún ń jẹ 3.2 kWh, kékeré ń jẹ 1.52. Ìyàtọ̀ lójúmọ́ jẹ́ 1.68. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì 44 lórí mítà. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wò ó pé oṣù mélòó ni owó tí tower fi dín kù yóò ti run.

Bí wọ́n bá sì ní i lọ́kàn láti fi sólà kún un, ẹ ṣírò rẹ̀ fún ìgbà òjò, ká ní wákàtí oòrùn tó múná mẹ́rin lójúmọ́. Páànẹ́lì 550 W kan, lẹ́yìn tí ooru, eruku àti wáyà bá ti mú tiwọn, á fún wa ní 1.65 kWh. Kékeré márùn-ún fẹ́ 1.79 láti ara bátìrì, páànẹ́lì méjì tó. Tower márùn-ún fẹ́ 3.76, páànẹ́lì mẹ́ta. Bátìrì kan náà kò ní gba ti tower rárá, ẹ ó ra bátìrì sí i. Iye owó bátìrì nìyẹn lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní olówó pọ́ọ́kú.

Òǹtẹ̀wéKàbà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ti yé mi. Ẹni tó ń tà tún ní i5-8500 tí kò ní T nílẹ̀, nínú àpótí tó tóbi díẹ̀. Ó ní T yẹn ló ń dín iná kù, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́n. Ṣé òótọ́ ni?

BàbáWáàtì_Ìsánlú

Òótọ́ rẹ̀ kò pé. 8500 àti 8500T, ìdílé kan náà ni wọ́n. 8500 lásán jẹ́ 65 W, 3.0 GHz tó ń gùn dé 4.1. T túmọ̀ sí pé wọ́n fi ààlà sí i ní 35 W, wọ́n sì rẹ ìyára rẹ̀ sílẹ̀. Bí méjèèjì bá jókòó lásán, iná tí wọ́n ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí pé kọ́ọ̀ tí kò níṣẹ́ ń sùn lára àwọn méjèèjì. Inú iṣẹ́ líle ni ìyàtọ̀ wà. T á gba àkókò díẹ̀ sí i, á sì jẹ iná tó kéré jọjọ.

Ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rèé. Iná tí pírósẹ́sọ̀ ń jẹ ń tẹ̀lé ìyára rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé fóltéèjì lọ́nà méjì, nítorí fóltéèjì ni a ń fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí o bá dín fóltéèjì kù ní ìdá mẹ́wàá nínú 100, 0.9 lọ́nà 0.9 jẹ́ 0.81, iná ti dín ní ìdá 19 kí o tó dín ìyára kankan. Ìyára gíga ló sì ń béèrè fóltéèjì gíga. Ìdí nìyẹn tí GHz tó kẹ́yìn lókè fi máa ń jẹ ju ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ.

Nítorí náà, má san owó gọbọi nítorí lẹ́tà T nìkan. Àpótí kékeré àti adáptà tó bá a mu, SSD dípò hard disk, àìsí káàdì àwòrán lọ́tọ̀, àwọn ni wọ́n jọ ń mú un jẹ 10 W.

Títí_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ti sọ ti iná, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sọ́fítíwià, nítorí ibẹ̀ ni i7-2600 ti ń kùnà fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé.

Windows 11 kò gba i7-2600. Nínú pírósẹ́sọ̀ Intel, ìran kẹjọ ni ó bẹ̀rẹ̀ láti gbà, ó sì fẹ́ TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà). Ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ gbogbogbòò fún Windows 10 parí ní October 14, 2025. Ṣọ́ọ̀bù tó ń gba fáìlì láti inú flash gbogbo ẹni tó bá wọlé, tó sì ń tẹ NIN àti nọ́ńbà ìwé ìfowópamọ́ èèyàn, kò yẹ kó máa lo Windows tí a kò dí ihò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ra tower, kó fi Linux Mint sí i. Àmọ́ CorelDRAW kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux fúnra rẹ̀, ẹ rò ó dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀kejì, àwòrán. HD Graphics 2000 tó wà nínú i7-2600 kò kọjá DirectX 10.1 (DirectX ni Windows fi ń bá ẹ̀yà àwòrán sọ̀rọ̀). Photoshop tuntun ń béèrè DirectX 12. Bí ẹ bá wá fi káàdì àwòrán sí i láti fi bá a mu, ẹ ti fi nǹkan bíi 10 W kún un, kódà bó bá jókòó lásán. UHD 630 inú 8500T ní DirectX 12.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, fídíò. YouTube sábà máa ń fi VP9, ọ̀nà kan tí a ń gbà di fídíò kó kéré, ránṣẹ́; HEVC, AV1 àti H.264 náà jẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. i7-2600 kò ní ibi pàtàkì tó lè fi tú VP9, kọ́ọ̀ rẹ̀ ló máa ń fi agbára tú u, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. 8500T ní ibi tó ń tú VP9 àti HEVC láìnira. Kò ní ti AV1 ṣá o, AV1 bẹ̀rẹ̀ lára Intel ní ìran kọkànlá. Ẹni tó bá ti ní i7-2600 nílẹ̀, kí ó fi h264ify sínú bráwúsà rẹ̀, YouTube á máa fún un ní H.264, ìyẹn i7 náà ní ibi tó ń tú u.

Ní ti gígé fídíò, ẹ máa ka iná tí iṣẹ́ kan jẹ títí tó fi parí. Ká ní tower jẹ 120 W fún ìṣẹ́jú 20 láti yí fáìlì kan padà, ìyẹn 40 Wh. Ká ní kékeré jẹ 50 W fún ìṣẹ́jú 16, nǹkan bí 13 Wh. Fáìlì kan náà ni. Lára ohun tó ń fà á ni AVX2 (àṣẹ inú pírósẹ́sọ̀ tó ń ṣírò ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan), tí 8500T ní, tí i7-2600 kò ní, tí x264, sọ́fítíwià tó ń yí fídíò padà, sì ń lò dáadáa.

RAM: ẹ ra 8 GB méjì, kí ẹ má ra 16 GB kan. Àwòrán inú pírósẹ́sọ̀ ń yá RAM lò. Bí ẹyọ kan bá wà, ojú ọ̀nà kan ló ní, á sì máa fà lórí àwòrán ńlá. SODIMM ti láptọ́ọ̀pù ni kékeré ń lò, ti tower kò wọ inú rẹ̀.

ỌmọÌjùmú

Àǹtí Títí, ti Windows yẹn mú mi lójú. Mo gbà, fún ṣọ́ọ̀bù yìí, 8500T ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó máa ń ba kékeré jẹ́ kí wọ́n má bàa kábàámọ̀.

Adáptà ni ẹjọ́ àkọ́kọ́. HP àti Dell ní pín tín-ín-rín kan láàrin ẹnu wáyà tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé irú adáptà báyìí ni mí. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú, tàbí pín yẹn ti tẹ̀, ẹ̀rọ lè tàn, àmọ́ á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo Performance. Bí ìyára bá dúró sí nǹkan bí 0.8 GHz bí ẹ tilẹ̀ fi iṣẹ́ líle lé e, kì í ṣe pírósẹ́sọ̀ ló kú. Ẹ gbé adáptà tòótọ́ sí i kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá tú u.

Ooru ni ìkejì. Nínú ọyẹ́, eruku pupa á di láàrin irin wẹ́wẹ́ tó ń gbé ooru jáde, á nípọn bí ẹ̀wù. Pírósẹ́sọ̀ á sún mọ́ 100°C, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára kù láti gba ara rẹ̀ là. Ẹ ṣí i, ẹ di fáànù mú kí ó má yí, ẹ fẹ́ eruku jáde, ẹ nu paste (ìpara tó ń gbé ooru láti ara pírósẹ́sọ̀) gbígbẹ kúrò, ẹ fi tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ sí àárín. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́, tó. Ẹ má to márùn-ún lé ara wọn lórí, ẹ má sì gbé e sínú dúróà.

Fún ẹni tó ń ra tower: àwọn pọ́wà àtijọ́ kan ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, 115 àti 230. Bí ẹ bá bá a lórí 115 tí ẹ fi sínú iná wa, á bú. Ẹ yí i kí ẹ tó fi wáyà sí i.

Sólà_Mọ̀pà

Kí n fi ti inverter kún un. Inverter ńlá 3.5 kVA lè máa jẹ 30 W sókè bí kò tilẹ̀ sí ohun kankan lára rẹ̀. Bí ẹni kan ṣoṣo bá ń tẹ ìwé lálẹ́ lórí kékeré kan, iná tí inverter ń jẹ fúnra rẹ̀ lè tó ti kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ pa pọ̀. Fún ìyẹn, ẹ lè fi boost converter gbé 12V lọ sí 19.5V tààrà. 65 W ni adáptà wọn sábà jẹ́, nǹkan bí ámpì 6 ló máa fà láti ara bátìrì. Wáyà 2.5 mm², kó má gùn ju mítà mẹ́ta lọ, fíúsì ámpì 10 ní ìdí bátìrì. Ẹ rántí pín àárín tí ọ̀gbẹ́ni Ìjùmú sọ, converter lásán kò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ náà.

Inverter kó jẹ́ pure sine wave. Èyí tó jẹ́ modified, adáptà á máa kùn, á sì gbóná.

Òǹtẹ̀wéKàbà

Ọ̀gá ti gbọ́, 8500T márùn-ún ni. Tower i7-2600 kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò fẹ́ jù ú nù. Kí ni wọ́n lè ṣe sí i? Báwo ni wọ́n sì ṣe máa yẹ àwọn tuntun yẹn wò kí wọ́n tó san owó?

BàbáWáàtì_Ìsánlú

Ti tower: ẹ yọ káàdì àwòrán bí ó bá wà, ẹ fi SSD rọ́pò hard disk. Ẹ wọ BIOS (ètò tó ń ṣí kí Windows tó tàn), ẹ wò ó pé C-states àti C1E wà ní Enabled, àwọn ló ń jẹ́ kí kọ́ọ̀ sùn. Bó bá ṣì jẹ́ Windows, ẹ lọ sí Power Options, Processor power management, Maximum processor state, ẹ fi sí 99%. Kò ní gùn kọjá 3.4 mọ́, iná á dín, ẹni tó ń tẹ ìwé kò sì ní mọ̀. Ẹ fi í ṣe ibi tí fáìlì ń gbé, kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá wà nìkan.

Yíyẹ tuntun wò: ẹ mú wattmeter tó ń wọ socket lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wọ BIOS, F10 fún HP, F2 fún Dell, ẹ ka orúkọ pírósẹ́sọ̀ níbẹ̀, nítorí wọ́n lè yí èyí tó wà nínú Windows padà. Ẹ tan án, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí update parí, ẹ ka wáàtì. Bí ó bá jókòó lásán tó sì ń jẹ ju 20 W lọ, nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ẹ wá a. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wattmeter olówó kékeré nísàlẹ̀ 10 W, ó máa ń ṣì í kà.

Lẹ́yìn náà, Cinebench R23 tó ń fi iṣẹ́ líle dán pírósẹ́sọ̀ wò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí HWiNFO64 tó ń fi ooru àti iná hàn wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo CPU Package Power. Á kọ́kọ́ fò kọjá 35 W fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á wálẹ̀ sí 35. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ohun tó jẹ́ àìsàn ni kó wá sí 20 tàbí 15 W kí ooru sì wà lókè 95°C: eruku tàbí paste ni, ẹ fi dín owó rẹ̀ kù. Lórí Linux, sudo turbostat --interval 5 á fi PkgWatt hàn yín. Kí ẹ sì mọ̀ pé nọ́ńbà yìí jẹ́ ti pírósẹ́sọ̀ nìkan, kò ka mọ́nítọ̀, SSD àti adáptà. Nítorí ìyẹn ni wattmeter ara ògiri fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Títí_Ẹ̀gbẹ̀

Kí wọ́n bi í bóyá bọ́ọ̀dù náà ní ihò M.2 fún NVMe (irú SSD tó yára), kí wọ́n sì ka iye adáptà tó wà nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà márùn-ún, adáptà márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ rẹ̀ gan-an.